Nọ́ńbà mẹ́rin lórí géèjì: ṣé ẹ́ńjìnnì Camry mi ti kú ni?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìbàdàn:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Camry 1999 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 5S-FE onísìlíńdà mẹ́rin, ó sì ti rin kìlómítà tó lé ní 300,000. Láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá ti dúró nínú gòsúlóò, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Kò gun òkè Mọ́kọ́lá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì ń mu bẹntiróòlù. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ P0303. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti pààrọ̀ kọ́ìlì, ibi tó wà náà ló wà. Mẹkáníìkì mi wá wọn kọ́mpírẹ́ṣọ̀n: sìlíńdà kìíní 158, èkejì 155, ẹ̀kẹta 104, ẹ̀kẹrin 152. Ó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún un wọ̀n: 170, 166, 110, 165. Ó ní ṣé mo rí i pé gbogbo rẹ̀ gòkè nígbà tí ọ́ìlì wọlé, pé ríìngì ti jẹ tán nìyẹn, ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n lọ ra tòkunbọ̀ ní ọjà Àrárọ̀mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò ní owó tí mo lè fi ṣòfò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn nọ́ńbà yìí ń sọ gan-an?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan. Mẹkáníìkì yín ṣe dáadáa tó fi géèjì wọ̀n ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ni kì í wọn ohunkóhun kí wọ́n tó ní kí ènìyàn lọ ra ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó kọ sílẹ̀ kò gbe ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́sẹ̀. Sìlíńdà mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣì le dáadáa fún ọjọ́ orí wọn. Ẹyọ kan ló ń jò, àmì sì wà pé òkè ló ti ń jò, lẹ́nu fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde), kì í ṣe nísàlẹ̀ níbi tí ríìngì wà, ìyẹn òrùka irin tó yí písítìn ká. Iṣẹ́ fáàfù yàtọ̀ sí pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, owó wọn kò sì sún mọ́ra rárá.

Ohun tí géèjì yẹn ń wọ̀n, tí à ń pè ní kọ́mpírẹ́ṣọ̀n, kò ju èyí lọ: písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, ń gòkè, fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lókè sìlíńdà ti pa dé, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn kò ríbi gbà, ó wá ń fún pọ̀. Bí ibi kankan bá là sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ sá, nọ́ńbà á sì wálẹ̀. Ó lè gba ẹ̀gbẹ́ písítìn bí ríìngì bá ti jẹ. Ó lè gba ẹnu fáàfù tí kò pa dé dáadáa. Ó lè gba gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà (irin ńlá tó bo orí àwọn sìlíńdà, tí fáàfù wà nínú rẹ̀), tàbí kí ó gba ojú ihò bí písítìn bá ti lu tàbí tí tọ́ọ̀pù bá ti sán. Géèjì kì í sọ èyí tó jẹ́ nínú wọn. Iye tó kù nìkan ló ń sọ, àwa la ó fi ọgbọ́n wá ọ̀nà tí ìyókù gbà lọ.

Ìwé àtúnṣe Toyota fún 5S-FE sọ pé 178 psi (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́, bíi ti táyà) ni iye tó pé. Ó ní kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 142 lọ, àti pé ìyàtọ̀ láàárín sìlíńdà kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Ẹ wá gbé tiyín lé e. 158, 155 àti 152: gbogbo wọn ju 142 lọ, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì ju 6 lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ti rin 300,000 kìlómítà tó ṣì ń mú irú nọ́ńbà báyìí wá, ẹ yìn ín. Sìlíńdà kẹta ni kò bá wọn kẹ́gbẹ́: 104, ó fi 38 dín sí iye tó kéré jù tí ìwé gbà, ó sì fi 54 rẹlẹ̀ sí sìlíńdà kìíní. Òun náà ni P0303 ń pè lórúkọ, nítorí 3 tó parí kóòdù yẹn ni sìlíńdà tí iná kò ti jó bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ ayẹwò àti géèjì ti fẹnu kò síbì kan náà, ìdí sì nìyẹn tí púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì tuntun kò fi ràn yín lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ kò bá fún pọ̀ tó, iná tó dára jù lọ kò lè sun epo ibẹ̀ dáadáa.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 178 dẹ́rù bà yín, pé kò sí èyí tó dé ibẹ̀. Iye tí géèjì ń kọ máa ń yí padà nítorí ohun tí kò kan àìlera ẹ́ńjìnnì. Bátìrì tí kò lágbára kì í jẹ́ kí kíkì-sítátà yí ẹ́ńjìnnì kíákíá, nọ́ńbà á sì wálẹ̀. Géèjì kan kì í dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Ibi tí ènìyàn ń gbé pàápàá wà lára rẹ̀: ẹ́ńjìnnì tó kọ 170 ní Èkó létí òkun lè má ju nǹkan bíi 148 lọ ní Jos, tí ilẹ̀ rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun wọ̀nyí máa ń kan sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo ìyàtọ̀ àárín wọn kí n tó wo iye wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló ṣi mẹkáníìkì yín lọ́nà. Òótọ́ ni pé gbogbo nọ́ńbà gòkè, ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńjìnnì tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í gòkè bí a bá da ọ́ìlì sí i, títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́. Ọ́ìlì á yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ písítìn, á dí àlàfo tó wà níbi ríìngì fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé èló ló fi gòkè. Sìlíńdà kìíní fi 12 gòkè, èkejì 11, ẹ̀kẹrin 13. Ìwọ̀nba nìyẹn. Ẹ̀kẹta tó yẹ kó gòkè jù, tó bá jẹ́ pé ríìngì ló bà á jẹ́, fi 6 péré gòkè. Ká ní ríìngì ni, ẹ̀ bá rí i kí ó fò láti 104 sí 135, tàbí kó tilẹ̀ sún mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ooru bá ń gba ẹnu ìdérí ìkòkò jáde, amọ̀ tí a fi dí ìdí ìkòkò kò lè dá a dúró. Ọ́ìlì dí ìsàlẹ̀, nọ́ńbà kò gbéra, a jẹ́ pé òkè ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ.

Àfi tí wọ́n bá da ọ́ìlì náà jù ni mo tún lè ṣiyèméjì. Ṣíbí ìpotíì kan ti tó fún sìlíńdà kan, kí wọ́n sì yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kó lè tàn ká kí wọ́n tó de géèjì mọ́ ọn. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, yóò gba àyè tí afẹ́fẹ́ ì bá wà, nọ́ńbà yóò gòkè lórí irọ́. (Ẹni tó bá ń wa Volkswagen Ìjàpá, kó má gbára lé ìdánwò ọ́ìlì yìí púpọ̀. Ńṣe ni sìlíńdà tirẹ̀ dùbúlẹ̀, ọ́ìlì á kó sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, kò ní yí ríìngì ká.)

Bí ọkọ̀ yín bá tún ń mu ọ́ìlì, ó lè jẹ́ òun ni mẹkáníìkì fi di ríìngì mú. Kí ẹ mọ̀ pé ohun méjì ni. Rọ́bà kékeré tó wà lọ́rùn fáàfù máa ń gan bí ọkọ̀ bá ti pẹ́, ọ́ìlì á máa gba ibẹ̀ kán sínú sìlíńdà, èéfín aláwọ̀ búlúù á máa jáde ní òwúrọ̀, kọ́mpírẹ́ṣọ̀n yóò sì wà níbi tó wà. Bákan náà, písítìn kan ní ríìngì tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, ó tún ní ríìngì tó ń nu ọ́ìlì, èyí tó ń nu ọ́ìlì yìí kò sì hàn lójú géèjì. Àwọn tó ra Camry 2007 sí 2009 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2AZ-FE mọ èyí dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọn ń jẹ ọ́ìlì bí ẹni jẹ oúnjẹ, kọ́mpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ sì dára, títí Toyota fi pààrọ̀ písítìn àti ríìngì fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ bíi ti ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọjà, ṣùgbọ́n kó má gbóná janjan, nítorí alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà yẹn, eyín ibi tí a ń de púlọ́ọ̀gì mọ́ sì lè fà ya bí a bá tú u nínú ooru líle. Kí wọ́n yọ wáyà kọ́ìlì àti ti nọ́sù kúrò, kí iná má ṣẹ́, kí epo má sì tú. Kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀. Àwọn kan máa ń tú ẹyọ kan, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún tú òmíràn. Ẹ́ńjìnnì á wúwo fún kíkì-sítátà bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà kò sì ní ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ tẹ àsílírétọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń yí i, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi wọlé. Kí iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yí fún sìlíńdà kan jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tèkejì. Ìgbà márùn-ún ti tó.

Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí sìlíńdà kẹta lọ́tẹ̀ yìí. Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé orí ẹnikẹ́ni, ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa ń jìyà rẹ̀. Ẹ̀kẹrin yín tó kọ 152 fi hàn pé kì í ṣe bátìrì ló fà á, síbẹ̀ ó dára kí ọkàn yín balẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wò, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì tó nọ́ńbà ìkẹyìn: ibi tí ọwọ́ géèjì dé nígbà tí písítìn kọ́kọ́ gòkè. Sìlíńdà tó le máa ń gbé ọwọ́ géèjì ju ìdajì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó fi ìyókù kún un kíákíá. Èyí tí ríìngì rẹ̀ ti jẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, á wá máa fi díẹ̀díẹ̀ gòkè ní gbogbo ìgbà tó bá yí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé yóò bá àwọn tó kù. Èyí tí fáàfù rẹ̀ ń jò máa ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa ń wà, bí ẹ yí i títí di alẹ́. Ẹ gba fóònù yín, kí ẹ fi ya fídíò ojú géèjì nígbà tí wọ́n bá ń wọn ẹ̀kẹta. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ohun tí yóò ṣe, ṣùgbọ́n ẹ rí i fúnra yín.

Nítorí àwọn mìíràn tó ń kà á tí nọ́ńbà wọn kò jọ tìyá: bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rẹlẹ̀ pa pọ̀ tí wọ́n sì dọ́gba, ẹ wo bátìrì, ẹ wo bóyá wọ́n tẹ àsílírétọ̀, ẹ wo bóyá bẹ́líìtì táímìnì ti fo eyín kan, kí ẹ tó dárúkọ ríìngì. Lórí 5S-FE, bẹ́líìtì tó fo kì í jẹ́ kí fáàfù kan písítìn, nítorí náà títún un tò lè tó. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rẹlẹ̀, tí ọ́ìlì sì gbé gbogbo wọn sókè púpọ̀, ríìngì ni, kò sí àníàní. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá rẹlẹ̀ tí ìyókù dára, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí nọ́ńbà bá ga ju ti ìwé lọ, ẹ má dunnú: èédú ló ti kún orí písítìn, tàbí kó jẹ́ pé ọ́ìlì ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tiyín. Bí nọ́ńbà bá tún jáde bákan náà, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí fáàfù ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo wọn ti fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí sìlíńdà kẹta. Lórí ẹ́ńjìnnì yín, fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ ní àlàfo láàárín 0.19 àti 0.29 mìlímítà; èyí tí èéfín ń gbà jáde, láàárín 0.28 àti 0.38. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, fáàfù máa ń jẹ ìjókòó rẹ̀ wọlé, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, àlàfo á máa tán. Nígbà tí àlàfo bá tán, fáàfù kò ní lè pa dé mọ́. Iná á máa gba ẹnu rẹ̀ kọjá, á sì jó o. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò ní ariwo. Fáàfù tó ní àlàfo jù máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, gbogbo ayé á gbọ́, wọ́n á tún un ṣe. Èyí tó há jù á dákẹ́, ọkọ̀ á tilẹ̀ dà bíi pé ó ń dùn wà sí i, títí yóò fi jó. (Ẹ̀yin tó ti yí ọkọ̀ yín sí CNG, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Gáàsì gbẹ ju bẹntiróòlù lọ, ó sì máa ń jẹ́ kí ìjókòó fáàfù yára jẹ. Ẹ máa wọn àlàfo yìí lóòrèkóòrè.)

Bí wọ́n bá rí fáàfù kan tó há lórí ẹ̀kẹta, awo irin kékeré tó wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ṣíìmù, ni wọn yóò fi èyí tó fẹ́lẹ́ rọ́pò. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń tẹ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ṣíìmù á fi yọ láìtú káàmù, ọ̀pá tó ń yí tó sì ń tẹ fáàfù ṣí. Kí ẹ wá wà á fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tún wọn kọ́mpírẹ́ṣọ̀n. Bí fáàfù kò bá tíì jó, ibẹ̀ lè jẹ́ òpin ọ̀rọ̀.

Bí àlàfo bá pé tí 104 ṣì wà níbẹ̀, fọ́kánáísà àdúgbò lè bá yín parí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìdérí fáàfù ti ṣí, kí mẹkáníìkì yí ẹ́ńjìnnì títí písítìn kẹta yóò fi dé òkè tí ìmú káàmù kò sì tẹ fáàfù rẹ̀ kankan. Kí ó yọ fáàfù kékeré inú okùn géèjì, bíi ti táyà, kí ó de okùn náà mọ́ ojú púlọ́ọ̀gì, kí fọ́kánáísà wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Kí gbogbo ènìyàn mú ọwọ́ àti sípánà kúrò lára ẹ́ńjìnnì, nítorí afẹ́fẹ́ yẹn lè yí i lójijì. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ariwo ti ń wá. Bí ó bá ń súfèé lẹ́nu sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni. Bí ó bá ń súfèé níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, fáàfù ìwọlé ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó bíi ti ọṣẹ, gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ọ̀pù ni. Bí ó bá ń jáde níbi tí a ń da ọ́ìlì sí, ìsàlẹ̀ ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ níbẹ̀ kò burú fún ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà. Ẹ ṣe bákan náà fún sìlíńdà kejì tó dára kí ẹ lè fi wéra.

Èmi rò pé ẹnu sàlẹ́ńsà ni ẹ ó ti gbọ́ ọ. Wọn yóò tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, wọn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, fáàfù tó jó á kúrò, ìyókù á di lílọ̀, kí wọ́n sì fi rọ́bà ọrùn fáàfù tuntun sí gbogbo rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí wọ́n lò. Bẹ́líìtì táímìnì á kúkú ti tú sílẹ̀, nítorí náà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ náà. Bóòtì tọ́ọ̀pù kì í ṣe ohun tí a ń fi agbára apá dè: 49 Nm ni, lẹ́yìn náà ìdámẹ́rin yíyí kan, ìyẹn dígíríì 90. Ẹni tí kò bá ní sípánà tó ń ka agbára kò gbọ́dọ̀ de tọ́ọ̀pù yín. Kó tó dé e, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ fi èékánná ra ara ògiri sìlíńdà kẹta. Bí èékánná kò bá kọ́ sí ibì kankan, ìsàlẹ̀ yín ṣì dára.

Títí dìgbà náà, ẹ má wà á lọ sọ́nà jíjìn. Epo tí kò jó nínú ẹ̀kẹta ń lọ sínú sàlẹ́ńsà, ó sì ń ba katalísítì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ níbẹ̀, jẹ́. Bí iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú tí kò dúró sójú kan, ẹ páàkì.

Ó kù ẹyọ kan: bí afẹ́fẹ́ fọ́kánáísà bá tú jáde níbi tí a ń da ọ́ìlì sí pẹ̀lú agbára, tí sàlẹ́ńsà àti rédíétọ̀ sì dákẹ́, mẹkáníìkì yín ló jàre nípa ibi tó ti ń jò, èmi ni ọ̀rọ̀ mi yẹ̀. Ríìngì á ti ṣẹ́ tàbí kí písítìn ti lu, títú ìsàlẹ̀ sì lè gbówó lórí débi pé tòkunbọ̀ á dín owó kù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú géèjì yìí kan náà dání lọ sí Àrárọ̀mí. Ẹ yan ẹ́ńjìnnì tí gíà wà lára rẹ̀, nítorí ara gíà ni kíkì-sítátà ń dè sí. Kí wọ́n so bátìrì mọ́ ọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n yí i níṣojú yín. Bí èyíkéyìí bá wà nísàlẹ̀ 142, tàbí tí ìyàtọ̀ bá ju 14 lọ, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fún un lówó.